Ojú Tí Àǹtí Kúnná Kò Jẹ́ Kí Ọkọ Rẹ̀ Rí

Ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ ni mo ti gbọ́ ohùn àbúrò mi kẹ́yìn. Wọ́n ti gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, wọ́n ti kó irun rẹ̀ sínú fìlà aláwọ̀ ewé, nọ́ọ̀sì kan ń tì í lọ. Mo rò pé á ní kí n gbàdúrà fún òun, tàbí kí n bá òun tọ́jú ilé. Àbúrò mi gbé orí sókè, ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó fẹ́ fọ́ àwo, ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tẹ̀ ẹ́ o. Ẹ má fà á."

Ilẹ̀kùn sì padé.

Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé oògùn oorun wọn ló ti ń gùn ún. Wọn ò tíì fún un ní nǹkan kan. Ojú rẹ̀ ló ń sọ. Ó ń rán mi létí bí wọ́n ṣe ń fi ìpara sí ojú tí kò dán, nítorí pé ó ti fi ojú tirẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ rárá. Mi ò lè bá a jà. Alágbàfọ̀ ni mí. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì fún àwọn ilé ìtura. Kò sí ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n ṣe tó kí ó fa nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́. Aṣaralóge ni. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè é ní Àǹtí Kúnná, nítorí pé bó bá ti ṣe ojú èèyàn tán, á fà sẹ́yìn, á fi ọwọ́ méjèèjì mú ìbàdí, á ní, "Ó ti kúnná!" bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ata tán. Kò fi bẹ́ẹ̀ ka àwọn ọmọge tí ojú wọn ti ń dán tẹ́lẹ̀ sí, àwọn tó jẹ́ pé ètè nìkan ni wọ́n fẹ́ kun. Àwọn tí irorẹ́ ti gbẹ́ kòtò sójú wọn, àwọn tí ihò ara wọn fẹ̀, àwọn tí awọ ojú wọn ti ń hunjọ bí aṣọ tí wọn ò lọ̀, àwọn yẹn ni tirẹ̀. Ó ní òun fẹ́ràn ojú tó bá níṣẹ́ nínú.

Ojú tirẹ̀ ló kọ́kọ́ níṣẹ́ nínú. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí irorẹ́ bò ó. Kì í ṣe irorẹ́ tó ń yọ lónìí tó ń lọ lọ́la o. Eléyìí jókòó, ó kọ́lé, ó bímọ. Nígbà tó fi máa kó ẹrù rẹ̀ lọ, ó ti gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà méjèèjì bí ìgbà tí òjò bá rọ̀ sórí iyanrìn. Asẹ́ ni wọ́n ń pè é nílé ìwé. Kì í sunkún lójú wọn. Á délé, á wọ inú kọ̀rọ̀ tí bàbá wa ń kó irinṣẹ́ sí, á sunkún tán, á bu omi bọ́jú, á wá bi mí pé kí la fẹ́ jẹ.

Ògiri ni bàbá wa ń rẹ́. Àwọn bíríkìlà á mọ ilé tán, wọ́n á wá ránṣẹ́ pè é pé kó wá rẹ́ ẹ kó dán. Ó ní bó ṣe máa ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Á ti fèrèsé, á tan tọ́ọ̀ṣì, àmọ́ kò ní dojú tọ́ọ̀ṣì kọ ògiri. Á gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ògiri pẹ́kípẹ́kí, kí ìmọ́lẹ̀ máa yọ́ lọ lára rẹ̀. Gbogbo gegele, gbogbo kòtò, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ó ní téèyàn bá tan tọ́ọ̀ṣì síwájú ògiri, irọ́ ni ògiri yẹn máa pa fún un.

Ibẹ̀ ni àbúrò mi ti kọ́ iṣẹ́, àmọ́ òdì ló kọ́kọ́ kọ́ ọ sí. Ó rò pé bí bàbá wa ṣe ń dí ihò ògiri ni wọ́n ṣe ń dí ti ojú. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe lójú, ìyá ìyàwó kan ni, obìnrin tó tóbi, tó fẹ́ràn ẹ̀rín. Àbúrò mi ko ìpara dí gbogbo ihò tó rí, ó fi àtíkè lé e, ó tún ko ìpara lé àtíkè, ó wá fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ́ gbogbo rẹ̀ pẹrẹsẹ. Ojú dán, ó ń kọ mànà! Ìyọnu ibẹ̀ ni pé ìyá ìyàwó kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó mú ojú le láàárọ̀, gbogbo ẹbí ọkọ ń rò pé ó ń bínú sí àwọn. Nígbà tó di ọ̀sán ó gbàgbé, ẹnìkan pa á lẹ́rìn-ín, ni ojú bá là láti ẹ̀gbẹ́ imú dé etí. Ìpara ń já bọ́ sórí àyà rẹ̀ ní wẹ́wẹ́.

Àbúrò mi sá délé, ó ní òun ò ṣiṣẹ́ náà mọ́. Bàbá wa ń fọ ọwọ́ lọ́wọ́.

"Ta ló ní kóo dí ihò?" ló bi í.

"Bàbá, ṣebí ẹ̀yin náà ń dí i."

"Ti ògiri ni èmi ń dí. O ti rí ògiri tó ń rẹ́rìn-ín rí?"

Ọmọ náà wolẹ̀.

"Kòtò kọ́ ni wọ́n ń rí lójú èèyàn," ni bàbá wa wí. "Òjìji tó wà nínú kòtò ni. Òjìji yẹn ni kóo lọ wá nǹkan ṣe sí. Kí o sì fi omi rin ín kóo tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà wo lo rí mi tí mo ń lẹ sìmẹ́ńtì mọ́ ògiri gbígbẹ?"

Láti ọjọ́ náà ló ti di onítọ́ọ̀ṣì. Yàrá kan péré ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, fèrèsé ibẹ̀ kọjú sí ògiri ilé iṣẹ́ búrẹ́dì, aṣọ ìnujú rẹ̀ sì máa ń rùn bíi búrẹ́dì gbígbóná. Àga tó ń yí, dígí tó ti bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, agolo mílíìkì méjì tó kó búrọ́ọ̀ṣì sí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ bá jókòó, á kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ojú yín, á máa wò yín bí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀. Á rin fóòmù sínú omi, á fún un, á bu ìpara tí kò ju orí èékánná lọ, á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú: tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀. Kò ní fà á láéláé. Ó ní téèyàn bá fà á, etí kòtò ni ìpara máa kó jọ sí, á wá dà bí ẹni tó fi ṣọ́ọ̀kì yí i po. Ibi tó bá jìn gan-an, á mú búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín, á fi ìpara tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ ju àwọ̀ ara lọ kàn án lójú kan ṣoṣo, kí òjìji inú rẹ̀ lè kúrò. Ibi tó bá ń làágùn nìkan ló ń fún ní àtíkè. Téèyàn bá ní kó da àtíkè sí gbogbo ojú òun, á ní ṣé wọ́n fẹ́ lọ dín in ni.

Ọ̀gá ilé ìwé kan wà tó máa ń wá. Gbogbo ọmọ ilé ìwé ló ń gbọ̀n tí wọ́n bá rí i. Mo jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ kan, mo ń lọ aṣọ.

"Àǹtí Kúnná, ṣé wọn ò ní mọ̀ pé mo kun nǹkan?"

"Tí ẹ bá dákẹ́, wọn ò ní mọ̀. Ẹnu yín ni kò níbodè."

"Ìwọ ọmọ yìí! Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ má fajú ro, mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ibẹ̀ tán ni."

"Ó dáa. Ṣé ó máa dán bíi ti ọmọ ọdún méjìdínlógún?"

"Ó máa dán bíi ti ẹni àádọ́ta ọdún tó ń rí oorun sùn. Àbí ìyẹn ò tó yín?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ojú kò là.

Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ló wá dùn jù. Ọkùnrin náà, aago ọwọ́ ló ń tún ṣe. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni awò kékeré kan ń bẹ lójú ọ̀tún rẹ̀, tó ń fi wo inú aago. Ó lè rí eruku kan ṣoṣo tó há sáàárín àwọn irin tó ń yí nínú aago, á ní, "Àwọn ẹ̀yin lẹ ń yọ ọ́ lẹ́nu," á sì fi irin tín-ín-rín mú un jáde. Ọkùnrin tó ń rí eruku yìí fẹ́ àbúrò mi fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò rí ojú rẹ̀ rí.

Ẹ máa rò pé irọ́ ni mò ń pa. Èmi náà máa ń sọ fún un pé kó lọ gba iṣẹ́ ọlọ́pàá inú, nítorí mi ò rí ẹni tó mọ nǹkan í fi pamọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń jí ṣáájú ọkọ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ilé ìwẹ̀ ní ìkọ́, ó sì ń kọ́ ọ. Ìpara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó ní ti oorun nìyẹn, ìyẹn ló ń tẹ̀ mọ́ ojú kó tó wá sórí bẹ́ẹ̀dì, á sì ti pa iná. Nígbà tí ibà kọ lù ú, ògiri ló kọjú sí fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ rẹ̀ rò pé òun ló ṣẹ̀ ẹ́. Ó ń bẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn, ó tiẹ̀ ra bàtà fún un. Ó gba bàtà, kò yí padà.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Tó bá rí i ńkọ́? Ṣé á dá ọ padà sílé ni?"

"Kò lè dá mi padà. Ta ló máa máa bá a wá awò rẹ̀?"

"Kí wá ni gbogbo eléyìí?"

Ó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì, kò wò mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, gbogbo ẹni tó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, etí mi ni wọ́n ń wò. Ẹ̀yin náà ń ṣe é, ẹ ò mọ̀ ni. Ojú wọn á balẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, á fò kúrò, á lọ bà sí etí. Ọkùnrin yìí ló kọ́kọ́ wò mí lójú láìyẹjú. Mi ò fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í wo etí mi."

Mo ti la ẹnu láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gba búrọ́ọ̀ṣì kan lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá a fọ̀ ọ́.

Báyìí la ṣe wà kí dókítà tó rí kókó kan nínú ikùn rẹ̀. Wọ́n ní àwọn máa yọ ọ́, wọ́n mú ọjọ́, wọ́n fún un ní ìwé àwọn ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe. Má jẹun. Má mu omi. Má kun èékánná. Má kun ètè, má kun ojú.

"Nọ́ọ̀sì, kí ni ojú mi kàn níbẹ̀?" ló bi wọ́n. "Ṣebí ikùn lẹ fẹ́ là."

"Mà, a fẹ́ máa rí àwọ̀ ojú àti ètè yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń sùn, ká lè mọ̀ bóyá ẹ ń mí dáadáa."

"Ẹ máa wo ẹsẹ̀ mi. Ẹsẹ̀ mi náà ní àwọ̀."

"Ojú ni, mà."

Ó ní òun ń bọ̀, ó bá mi kúrò níbẹ̀, ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé wọ́n yí ọjọ́ padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣe bẹ́ẹ̀. Oṣù méjì àti ààbọ̀ ló bá a lọ. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Dókítà kò sọ bẹ́ẹ̀, èmi náà ò sì bi í.

Nígbà tí ìrora wá kọjá àfaradà, ó ní òun máa gbà, tí mo bá lè ṣe nǹkan méjì fún òun. Àkọ́kọ́, tí òun bá nu ojú, kí n má jẹ́ kí ọkọ òun sún mọ́ ibẹ̀. Èkejì, tí wọ́n bá ti gbé òun jáde, kí ọkọ òun tó wọlé, kí n ṣe ojú òun.

"Bóyá mo jí, bóyá mi ò jí," ló wí, ó ń bó ọsàn lọ́wọ́.

"Pa ẹnu ẹ dé."

"Ẹ ṣèlérí ná."

Mo ṣèlérí.

Ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, nílé ìwòsàn, ló kọ́ mi. Ojú èmi fúnra mi ni mo fi ń kọ́ iṣẹ́, dígí kékeré wà lórí ìrọ̀rí, àbúrò mi ń ti orí bẹ́ẹ̀dì pàṣẹ fún mi.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Hà! Kọ́là ẹ̀wù kọ́ nìyẹn o, ẹ̀gbọ́n mi!"

"Ṣebí mò ń tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ ń fọ̀ ọ́ ni. Ó kù kí ẹ bu ọṣẹ sí i."

Obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ikùn rẹ̀, di ìrọ̀rí mú, ó ń bẹ̀ wá pé ká jọ̀ọ́ má pa òun lẹ́rìn-ín. Mo tún ọ̀tún ṣe, mo tún òsì ṣe. Àbúrò mi tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ojú mi, ó wò ó títí.

"Tí mo bá kú, tí ẹ wá ṣe mí báyìí," ló wí, "mo máa dìde."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rán ọkọ rẹ̀ lọ ra omi. Ó ra omi dé, mo ní ó tutù jù. Ó lọ pààrọ̀ rẹ̀, mo ní ike rẹ̀ kéré. Ọkùnrin náà wò mí, ó tún lọ. Ìgbà yẹn la fa aṣọ yí bẹ́ẹ̀dì ká, tó nu ojú. Èmi náà ti gbàgbé bí ojú yẹn ṣe rí. Mo rí i, mo sì mú ojú mi dúró síbẹ̀. Mi ò jẹ́ kó lọ sí etí. Ó rí i pé mò ń gbìyànjú, ó rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì wọlé wá gbé e. Ohun tó sọ lẹ́nu ọ̀nà, mo ti sọ ọ́.

Wákàtí mẹ́rin kọjá. Dókítà jáde, ó bọ́ fìlà orí rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ni kò dá, àwọn sa gbogbo ipá àwọn, kò bọ́ sí i. Ọkọ rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ike omi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ike ńlá tí mo ní kó lọ rà.

Mo ní, "Àna mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọlé."

Ó fi orí dáhùn pé kí n lọ.

Nọ́ọ̀sì fún mi ní ogún ìṣẹ́jú. Yàrá kékeré ni, bẹ́ẹ̀dì kan, fèrèsé kan lápá òsì rẹ̀. Mo tú báàgì rẹ̀, mo rin fóòmù, mo fún un. Iwájú orí ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ló rọrùn jù. Mo ṣe imú. Mo ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó wà lápá ibẹ̀. Mo ń tẹ̀ ẹ́. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín, mo kan àwọn ibi tó jìn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń bá a wíjọ́: "Ṣé o rí i? Ṣé kọ́là ẹ̀wù nìyí?" Ọwọ́ tí ọṣẹ ti bó yìí, kò gbọ̀n. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà kúnná. Tí ẹ bá rí i, ẹ máa rò pé òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é.

Mo ń yí bẹ́ẹ̀dì po láti lọ ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ni ilẹ̀kùn ṣí. Ọkọ rẹ̀ wọlé. Mo na apá méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ dá adìyẹ padà.

"Ẹ jọ̀wọ́, mà," ló wí jẹ́jẹ́, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá.

Ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Mo ń wo ojú rẹ̀, mò ń dúró de ìgbà tó máa fò lọ síbòmíràn. Kò lọ.

"Kí lèyí?" ló bi mí.

"Ojú rẹ̀ ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá."

Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ó wo ti ọ̀tún, ó tún wo ti òsì. "Ó sì fi mí jókòó sínú ilé fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n," ló wí. "Èmi tí gbogbo ìgboro ń pè ní ojú àṣá." Nǹkan bí ẹ̀rín jáde lẹ́nu rẹ̀, kò parí. Ó fa àga, ó jókòó sí apá ọ̀tún, ó fi ẹ̀yìn ìka kan kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà, ó ń gbé ìka náà lọ díẹ̀díẹ̀ láti kòtò dé kòtò.

"Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta. Ó kù díẹ̀ kí n parí. Mo ṣèlérí fún un."

"Ẹ̀yin lẹ ṣèlérí," ló wí, kò gbé ojú sókè. "Èmi ò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Ẹ dúró ná. Mi ò tíì wò ó tán."

Mo dúró. Fóòmù ń gbẹ lọ́wọ́ mi. Mo tún un rin, ó tún gbẹ. Ó ṣì ń wò ó nígbà tí nọ́ọ̀sì dé tó ní ogún ìṣẹ́jú ti kọjá tipẹ́, tí àwọn ọkùnrin méjì sì wá gbé e. Wọ́n fi aṣọ bò ó, wọ́n tì í jáde.

Iwájú orí, imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni mo ṣe. Mi ò ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún.